Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Bàhíà
Bí a bá na okùn tààrà láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, gígùn rẹ̀ yóò tó nǹkan bí ibùsọ̀ 3,120. Bí a bá sì yí okùn náà padà, tí a nà án gba orí òkun lọ sí Bàhíà, èyí tí í ṣe ìlú Salvador ní ilẹ̀ Bràsíl, nǹkan bí ibùsọ̀ 50 péré ni yóò kù kí ó tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá bi ọmọ Èkó léèrè èwo ni ó súnmọ́ ilé nínú méjèèjì, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò dárúkọ láìjanpata.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òkun kan náà tí ó gbé àwọn baba lọ sí oko ẹrú ni àwọn ọmọ ń gbà padà wálé. Ọkọ̀ onígbòkun a máa ná Èkó àti Bàhíà bí alájàpá ti í ná ọjà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí omi, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí. Obì, ọṣẹ dúdú, epo pupa àti aṣọ òfì ni wọ́n ń kó lọ. Tábà àti ọtí ìrèké ni wọ́n ń kó bọ̀. Àwọn tí wọ́n ti ra ara wọn padà ń bọ̀ tìyàwó tọmọ, àwọn ni wọ́n sì tẹ Pópó Àgùdà dó ní Èkó. Ní 1875, baba Martiniano Eliseu do Bonfim mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní Bàhíà wá sí Èkó kí ó lè kẹ́kọ̀ọ́. Ọdún 11 ni ọmọ náà lò kí ó tó padà, ó sì di babaláwo àti olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú tí a bí i sí. Ẹ wo bí ayé ti ń yí: Èkó ni òkè òkun nígbà náà.

Kì í ṣe òkun ni ó fẹ̀ sí i lẹ́yìn náà. Láti 1852 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń san owó fún ọkọ̀ elẹ́rọ ti Macgregor Laird láti máa kó lẹ́tà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró de afẹ́fẹ́. Wọ́n gbìyànjú ní 1890 láti fi irú rẹ̀ so Èkó mọ́ Bràsíl, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́. Ọ̀nà Bàhíà bẹ̀rẹ̀ sí hu koríko.

Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń kúrú sí i. Ní 1936, lẹ́tà Èkó bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ òfuurufú gba Kánò lọ sí Khartoum, níbi tí ó ti ń bá ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù pàdé. Ọkọ̀ ojú omi Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń lo nǹkan bí ọjọ́ 13 láàrin Liverpool àti Èkó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ni ó gbé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ BOAC sì fẹ́ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ tuntun, VC10, gbé èrò ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1964, ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni ó yàn. Lóde òní, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tó ìrìn náà.

Bí ọkọ̀ òfuurufú bá gba òkun tààrà láti Èkó, iye wákàtí kan náà ni yóò fi dé Bàhíà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mìíràn, nígbà mìíràn Yúróòpù pàápàá, ni èrò sábà máa ń gbà yí ká, ilẹ̀ a sì ṣú, a tún mọ́ bá a lọ́nà. Ní Bàhíà, obì ṣì ń jẹ́ obì. Ọṣẹ dúdú sì ń jẹ́ ọṣẹ etí òkun. Wọn kì í sọ etí òkun wo. Ti ìhín ni.