Àáró, Ọ̀wẹ̀ àti Èésú

Àwọn kan máa ń sọ pé láyé àtijọ́, ọ̀fẹ́ ni àwọn baba wa ń ran ara wọn lọ́wọ́, pé wọn kì í kà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Ìgbòho, níbi tí bàbá bàbá mi ti ṣe àáró títí ara fi kọ̀ fún un, kò sí ohun tí wọ́n ń kà tó ebè.

Nínú àáró, ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí agbára wọn dọ́gba ló máa ń dáwọ́ jọ. Bí wọ́n bá wà lóko tèmi lónìí, oko tìrẹ ló kàn. Igba-igba ni wọ́n ń ka ebè iṣu. Bàbá àgbà a máa gún igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tí igba kan bá parí sí, iye igi tó bá sì kà lóko rẹ̀ ni iye igba tó jẹ. Ẹni tí àìsàn dá dúró á rán àbúrò rẹ̀ wá. Ní ti ẹni tó bá fẹ́ fi ẹnu kọ ebè, òwe ti dè é sílẹ̀: ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó ní òun kọ igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu òótọ́ tán, á jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu irọ́. Kíkà yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹrú oore.

Ti ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Bí ilé bá fẹ́ẹ́ wó tàbí oko àna bá kún, ọkọ ìyàwó á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Iyán, ẹran àti ẹmu ni onílé fi ń ṣe wọ́n lálejò.

Ti owó ni èésú. Samuel Johnson mẹ́nu kàn án nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Iye kan náà ni kálukú ń dá, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, ó di ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun. Títí dòní, susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad.

Kòkó tó tàn kálẹ̀ ní Agége àti Ìbàdàn láti bí 1890 ló sọ iṣẹ́ ọkọ́ di iṣẹ́ owó. Igbó inú kòkó kì í dúró de ọjọ́ àáró, olóko á yáa pe alágbàṣe. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òwò ló kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Gáná, títí ìjọba Busia níbẹ̀ fi lé wọn padà ní 1969. Ta ni ìbá kọ ebè?

Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì tètè gbà á. Iṣẹ́ ńlá ni ẹgbẹ́ náà ṣe, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń dá owó ni ó ń yá lówó. Nínú àáró, ọ̀dọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lápò, tí ọkọ́ kan ṣoṣo jẹ́ tirẹ̀, lè dá oko iṣu tó máa bọ́ ìyàwó àti ọmọ.