Ta Ló Ń Yẹ Ara Ọmọ Wò?
 

Ní 1946, John Caffey, dókítà tó ń ya fọ́tò egungun àwọn ọmọdé ní New York, kọ̀wé nípa ọmọ ọwọ́ 6. Ẹ̀jẹ̀ ti dà sábẹ́ agbárí wọn, egungun apá àti ẹsẹ̀ wọn ti kán, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó di 1962 kí Henry Kempe àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denver tó là á mọ́lẹ̀ pé àwọn òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń lu irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọdún 16 láàárín!

Ti lílù nìyẹn. Ti ìfipábánilòpọ̀ tún farasin jù ú lọ, torí àpá rẹ̀ kì í sábà hàn.

Lọ́dọ̀ tiwa, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní 2003, Èkó ṣe tiẹ̀ ní 2007. Òfin wà, ibi tí a ó gbé ọmọ lọ ni kò sí. Téṣàn á ní kí ìyá lọ ọsibítù, ọsibítù á ní ìwé ọlọ́pàá dà? Ọmọ á máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lójú àlejò. Oṣù Keje 2013 ni Mirabel Centre ṣí nínú ọgbà LASUTH n'Íkẹjà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Agbẹjọ́rò ni Itoro Eze-Anaba tó dá a sílẹ̀. Ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn wà lójú kan níbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. WARIF náà ṣí ní Yábàá lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, ọjọ́ ni a ṣì ń fi ṣòfò. A ti wẹ ọmọ, a ti fọ aṣọ, a ti pe mọ̀lẹ́bí jọ. Wákàtí 72 péré ni oògùn tó ń dènà HIV ní. Ọjọ́ náà gan-an ló dáa jù. Ẹ má wẹ ọmọ. Ẹ fi bébà wé aṣọ tó wọ̀, ẹ má kó o sínú ọ̀rá. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì gbé e lọ.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má bínú sí mi: ẹ má yẹ abẹ́ ọmọ wò nílé. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè fòpin sí àyẹ̀wò ìbálé, torí kò lè fi hàn bóyá ọkùnrin ti bá obìnrin lò. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti bà jẹ́ máa ń dán bíi ti ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ kó tó wo ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jìnnà sí Èkó, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín wádìí ọsibítù ìjọba tó ń ṣe é nítòsí yín báyìí, kí ẹ sì ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ dè é.