Zamzam Pàápàá Ń Fẹ́ Ìtọ́jú

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, bí a bá ti dárúkọ kànga, Zamzam ni ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn. Bí Ọlọ́hun ṣe fi omi náà kẹ́ Hajara àti Ismaila ọmọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni wa. Ohun tí a kì í sábà sọ ni iye ìgbà tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ti tún kànga yìí ṣe.

Àwọn onítàn sọ pé nígbà tí ẹ̀yà Jurhum ń kúrò ní Mẹ́kà, wọ́n dí i pa. Ó di ohun ìgbàgbé títí di ayé Abdul-Muttalib, bàbá-bàbá Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Òun àti Harith ọmọ rẹ̀ ni wọ́n wú u jáde. Wọ́n bá idà àti ère àgbọ̀nrín méjì tí a fi wúrà ṣe nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 838, omi rẹ̀ fà débi pé ó kù díẹ̀ kó gbẹ. Ńṣe ni wọ́n tún gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ní 1979 ẹ̀wẹ̀, àwọn òmùwẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ lábẹ́ àbójútó onímọ̀-ẹ̀rọ Yahya Koshak, wọ́n sì kó owó onírin àti ìkòkò tó ti rì síbẹ̀ tipẹ́ jáde. Kànga náà jìn tó mítà 30, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àpáta.

Bí èyí tí ó lọ́lá tó báyìí bá ń fẹ́ ìtọ́jú, ti ẹ̀yìnkùlé wa ńkọ́? Ẹlòmíràn gbẹ́ tirẹ̀, kò bẹ inú rẹ̀ wò mọ́ àfi ọjọ́ tó bá gbẹ. Kò ní ìdérí. Ike ìfami ń sùn nínú ẹrọ̀fọ̀ tí ewúrẹ́ ń tẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọmọ á tún sọ ọ́ sínú omi mímu. Ní 1991, àrùn onígbáméjì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Nàìjíríà, omi tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ ni ó sì máa ń gbé e kiri. Ìdí nìyí tí ṣáláńgá fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30, tí a sì gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹnu rẹ̀ ga, kí àgbàrá má baà ṣàn wọ̀ ọ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá lọ sílẹ̀, ni kí a pe àwọn tó ń fọ kànga kí wọ́n kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ o, a kì í gbé ẹ̀rọ elépo sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láti fa omi rẹ̀ gbẹ. Èéfín rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde, ẹni tó bá wọlé tẹ̀ lé e lè máà jáde láàyè.