Ìwé Nìkan Kọ́ La Fi Ń Tọ́ Ọmọ: Ìtàn Ẹ̀kọ́ ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

 

Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ohun tí à ń sọ lórí àwọn gúrúùpù wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹnì kan á ní ọmọ ìwòyí ò mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ẹlòmíì á ní àwọn tíṣà ni ò ṣiṣẹ́ wọn. Ẹnì kẹta á ní fóònù ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Kí ọ̀rọ̀ náà tó di ìjà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: láyé àtijọ́, ta ló ń kọ́ ọmọ ní ìwà àti ọgbọ́n tí yóò fi gbé ilé ayé? Ìgbà wo ni iṣẹ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ta la sì gbé e fún?

KÍ ILÉÈWÉ TÓ DÉ

Àwórì ni wá, etí omi nilé wa. Ọmọ tó bá tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sórí ọ̀sà kì í kọ́ àwọ̀n jíjù nìkan. Ó ń kọ́ sùúrù, torí ẹja kì í gbọ́ ìbínú. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń wo ojú ọjọ́, bí a ṣe ń tún àwọ̀n tó ya ṣe dípò ká sọ ọ́ nù, àti bí a ṣe ń pín ẹja láì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà ń kọ́ ìṣirò láì mú pẹ́ńsù dání: owó ọjà yàtọ̀, èrè yàtọ̀, owó èsúsú sì gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ tí a dá. Lóko, àáró ló ń kọ́ni pé bí mo bá bá ọ ro tìrẹ lónìí, wàá bá mi ro tèmi lọ́la. Tó bá dalẹ́, àlọ́ ti wà nílẹ̀. Ìjàpá á ṣọ̀kánjúwà, ẹ̀sín á sì dé bá a.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tó jáde ní 1974, pé ohun méje ni ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ wa ń lé: okun ara, ìwà, ọ̀wọ̀ fún àgbà, làákàyè, iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ sí iṣẹ́ òótọ́, kíkópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ìlú, àti mímọ iyì àṣà. Ẹ tún un kà. Gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ń torí ẹ̀ ṣèpàdé lónìí ló wà níbẹ̀.

Ká má purọ́ o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dára. Ìwọ̀fà wà nígbà náà; ọmọ lè máa fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san èlé gbèsè tí kò jẹ. Ọmọ tó bá sì ń béèrè ìdí ọ̀rọ̀ jù, wọ́n lè pè é ní aláìgbọràn. Nítorí náà, mi ò ní ká padà sẹ́yìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ kan wà tí ẹnì kan ń ṣe.

BÍ ÌWÉ ṢE DÉ

Ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí, ní Àgbádárìgì, ni ẹ̀kọ́ ìwé gbà wọ ilẹ̀ wa. Ní September 1842 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní 1843, de Graft àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ní 1845, Charles Gollmer ti ìjọ CMS dá iléèwé St. Thomas sílẹ̀. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò àti Bíbélì ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ díẹ̀ ló ń lọ. Èyí tó pọ̀ jù ṣì wà lórí omi àti lóko.

Ọjọ́ tó yí gbogbo ẹ̀ padà ni January 17, 1955. Lọ́jọ́ náà ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ò mọ̀ pé Ọ̀jọ́ ò sí lábẹ́ Èkó nígbà yẹn. Abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn la wà, ní Ẹ̀ka Àgbádárìgì, títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní May 27, 1967. Ìdí nìyẹn tí oore 1955 fi kàn wá. Ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn ọmọ iléèwé fò láti bíi 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 800,000 lọ́dún kan ṣoṣo.

Oore ńlá ni. Ọmọ apẹja àti ọmọ olóyè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ tí ọmọ fi ń bá bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ di ti iléèwé. Òbí rò pé tíṣà á kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó kù. Tíṣà tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ fọ́fọ́ rò pé wọ́n ń kọ́ ọ nílé. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣèpàdé pé ta ni yóò gba iṣẹ́ náà ṣe. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

ÀWỌN TÓ TÈTÈ RÍ I

Àwọn kan rí i o. Ní January 27, 1956, Tai Ṣólàárín dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, ó ń sin ẹran, ó sì ń kópa nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ohun tí Ṣólàárín ń lé ni pé kí ọmọ tó mọ̀wé má tijú iṣẹ́ ọwọ́.

Fáfúnwá náà ò sùn. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní iléèwé St. Stephen's ‘A’ ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún odindi ọdún mẹ́fà. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ohun tí a ń sọ ló lè béèrè ìdí, ẹni tó bá lè béèrè ìdí ló sì lè ronú.

Ní Èkó tiwa, Alhaji Látééfù Jákańdè gorí oyè ní 1979. Ó fòpin sí kí àwọn ọmọ kan máa lọ láàárọ̀, kí àwọn kan máa lọ lọ́sàn-án. Àwọn kan fi kíláàsì tó kọ́ ṣẹ̀fẹ̀ pé ilé adìẹ ni, ṣùgbọ́n inú wọn ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ti kàwé. Ìjọba rẹ̀ náà ló dá LASU sílẹ̀ ní 1983, níbí ní Ọ̀jọ́. Ní 1982, ètò 6-3-3-4 dé, tó ní kí ọmọ JSS kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ rántí Intro-Tech? Èrò náà dáa. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ iléèwé lórílẹ̀-èdè yìí, inú páálí ni irinṣẹ́ wà, kò sẹ́ni tó lè lò ó.

ÀWA ŃKỌ́?

Ẹ dúró ní Ìyànà Ìbà tàbí Òkòkòmáíkò láago méje àárọ̀, ẹ wo àwọn ọmọ onípinnifọ́ọ̀mù bí wọ́n ṣe ń sáré sọdá. Ìlú ti kún. Òbí tó ń lọ sí Erékùṣù ti jáde kílẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á ṣú kó tó dé. Ta ló ń kọ́ ọmọ yẹn bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná, bí a ṣe ń parí ìjà láì ju igò, bí a ṣe ń sọ pé “rárá” fún ọ̀rẹ́ tó ń pè é síbi owó òjijì? Bí a ò bá kọ́ ọ, àdúgbò á kọ́ ọ. Àdúgbò kì í gbowó iléèwé, àmọ́ owó ẹ̀ máa ń wọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀, kò sì ní ká dúró de ìjọba. Ẹni tó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 lọ́mọ ọdún mẹ́fà ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa báyìí. Àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyí gba ẹ̀kọ́ méjèèjì: ti omi àti ti ìwé. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọlidé tó ń bọ̀, ẹ rán ọmọ yín sí ọ̀kan nínú wọn. Kó kúnlẹ̀, tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó béèrè bí wọ́n ṣe gbé ayé wọn, kó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù tí à ń bú yẹn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Alábà, ẹ yọ̀ǹda ọ̀sán kan péré fún àwọn ọmọ àdúgbò yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ máa fi Yorùbá bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa ọmọ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò mà ń kọ́lé o, lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọmọ pẹ̀lú.