Òkìkí bùráúsà àti ààbò rẹ̀: Èwo ló yẹ kẹ́ ẹ fi wọ báńkì lórí fóònù?

Ọmọ tó ń wò ó bóyá orúkọ òun ti jáde lórí ìkànnì JAMB, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ san owó ilé-ìwé ní Yunifásítì Achievers tó wà lójú ọ̀nà Idasen sí Ute, àti oníṣòwò tó ń yẹ owó rẹ̀ wò ní báńkì láti Ìfọ́n, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Bùráúsà ni, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń ṣí ojú ewé orí ayélujára. NIN, BVN, nọ́ńbà káàdì ATM àti páswọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá. Síbẹ̀, èyí tó bá ti wà lórí fóònù láti ọjà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, láìbèèrè ohunkóhun nípa rẹ̀.

Chrome ti ilé-iṣẹ́ Google ló lókìkí jù lágbàáyé, òun náà ló sì gbawájú ní Nàìjíríà. Ọdún 2008 ló jáde. Ohun tó gbé òkìkí rẹ̀ ga kò farasin: Google ló ni Android, Chrome sì sábà máa ń wà lórí fóònù Android kí olówó rẹ̀ tó tàn án. Òkìkí yìí wúlò o. Google máa ń tètè dí ihò táwọn olè lè gbà wọlé, àwọn tó ń ṣe ìkànnì náà sì máa ń rí i pé iṣẹ́ wọn ń lọ dáadáa lórí Chrome kí wọ́n tó dán òmíràn wò. Àléébù ibẹ̀ ni pé ìpolówó ọjà ni Google fi ń pa owó jù, ó sì máa ń fẹ́ mọ ohun tí èèyàn ń wá kiri.

Edge, Brave, Opera àti Samsung Internet, orí ìpìlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Chrome ni wọ́n kọ́ gbogbo wọn lé lórí Android. Chromium lorúkọ rẹ̀. Tí ihò bá wà nínú ìpìlẹ̀ yẹn, gbogbo wọn ló kàn, èyí tó bá tètè dí i ló ṣàǹfààní jù. Firefox ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ní iPhone kò nílò láti da ara rẹ̀ láàmú, Safari tó bá a wá ti tó.

Ọ̀rọ̀ Opera Mini ló gba àlàyé jù. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006 ni wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká ní Nàìjíríà láti ìgbà fóònù oníbọ́tìnnì, nígbà tí dátà wọ́n bí ojú. Ọgbọ́n tó ń dá ni pé ojú ewé tẹ́ ẹ bá ń wá kì í kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ yín. Kọ̀ǹpútà ńlá ti Opera ló máa lọ gbé e, á fún un mọ́ra kó lè kéré, kó tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ìyẹn ni dátà ṣe ń pẹ́ kó tó tán. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà yẹn tó lè fún nǹkan mọ́ra, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u wò. Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ fi lẹ́tà rán dẹ́rẹ́bà sí Àkúrẹ́, tí dẹ́rẹ́bà já a kó lè tún un ká kó wọ àpò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Opera fúnra rẹ̀ ò fi í pamọ́. Èyí ò sọ Opera di olè. Fún ìròyìn àti èsì bọ́ọ̀lù, ó dára gan-an, pàápàá níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò bá lágbára. Ọ̀rọ̀ báńkì àti NIN ni kẹ́ ẹ má fi síbẹ̀ nígbà tó bá wà ní ipò tó ń ṣọ́ dátà jù. Kò sóhun tó burú nínú kí bùráúsà méjì wà lórí fóònù kan, ọ̀kan fún ìwé kíkà, ọ̀kan fún owó.

Òkìkí ti tan èèyàn jẹ rí. Ẹni tó ti ń lo fóònù tipẹ́ á rántí UC Browser. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí Citizen Lab ní Yunifásítì Toronto, Kánádà, sọ pé ẹ̀dà Ṣáínà rẹ̀ ń tú nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù àti ibi tí olówó rẹ̀ wà síta láìsí ààbò tó péye. Íńdíà fòfin dè é ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Bó ṣe gbajúmọ̀ tó náà, èyí ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà jù ni àìṣe àtúnṣe. Bùráúsà tó dára jù lọ lágbàáyé, tí wọn ò bá tún un ṣe fún ọdún kan, ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ olè ni. Ẹ wọ Play Store, ẹ wá orúkọ bùráúsà yín, tẹ́ ẹ bá rí "Update", ẹ tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń lo fóònù tòkúnbọ̀ ni kí wọ́n fetí sí èyí: láti ọdún 2025, Chrome tuntun ò wọ orí Android 8 àti 9 mọ́. Ní ti kọ̀ǹpútà, ọdún 2023 ni Chrome ti dágbére fún Windows 7, ó sì ṣeé ṣe kó ṣì wà ní àwọn kafé kan. Ẹ má sì gba bùráúsà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lórí Xender, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ti fi kún un.

Ní kafé, àwọn kan gbà pé táwọn bá ti ṣí "Incognito", ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé sórí kọ̀ǹpútà yẹn. Tí wọ́n bá ti fi áàpù tó ń ka ohun téèyàn ń tẹ̀ síbẹ̀, gbogbo páswọ́ọ̀dù yín ló ń kà. Tí bùráúsà bá bèèrè bóyá kó tọ́jú páswọ́ọ̀dù, ẹ sọ pé rárá, kẹ́ ẹ sì jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kẹ́ ẹ tó dìde.

Ó ku ọ̀rọ̀ àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè yọjú sí ohun tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà. Kò sọ pé ẹni tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sí kì í ṣe gbájúẹ̀. Àwọn oníjìbìtì náà ti ń gba àgádágodo, ó sì wà lára ohun tí Chrome fi yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2023, tó fi àmì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àdírẹ́sì gan-an ni kẹ́ ẹ kà, kí ojú má kánjú. Ti JAMB, jamb.gov.ng ló gbọ́dọ̀ parí sí. Tí àmì tàbí lẹ́tà mìíràn bá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.ng, yàtọ̀ sí ìlà dídagun, ẹ tì í kíákíá, ẹ má tẹ ohunkóhun síbẹ̀.