Omi Ọ̀ṣọ̀rọ̀: Ohun tí Àwọn Ará Bermuda Fi Kọ́ Wa

Lónìí, a ó sọ ìtàn àwọn ènìyàn kan tí òkun yí ká, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní odò kan ṣoṣo tí wọ́n lè pọn. Orúkọ erékùṣù wọn ni Bermuda.

Ní ọdún 1609, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Sea Venture ń lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Ìjì gbé e sórí àpáta níbẹ̀. Ní 1612, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn wá tẹ ibẹ̀ dó. Ewé ọ̀pẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bo ilé, ṣùgbọ́n ìjì a máa ṣí irú òrùlé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi ayùn rẹ́ òkúta ẹfun ilẹ̀ wọn sí pẹlẹbẹ. Wọ́n tò ó sórí ilé ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, kí omi má baà sáré jù, wọ́n sì fi ẹfun kùn ún. Omi òrùlé a wá ṣàn lọ sínú kòtò tí wọ́n mọ sábẹ́ ilé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ òkúta yìí, ẹrú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Ní 1834 ni oko ẹrú parí níbẹ̀. Títí di òní, òfin ibẹ̀ fẹ́ kí ilé ní kòtò omi òjò tirẹ̀.

Àwọn ìyá wa náà a máa gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará Kétu sì mọ ìyà omi: ilẹ̀ yín ga, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn. Ẹ wá wo ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi páànù bò. Bí òrùlé rẹ̀ bá gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10, mìlímítà òjò kan yóò mú lítà 200 wá. Bí òjò ọdún bá jẹ́ mìlímítà 1,000, lítà 200,000 nìyẹn. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ṣòfò: ó ku 160,000.

Ṣùgbọ́n ní Bermuda, kò sí oṣù tí òjò kì í rọ̀. Ní tiwa, ẹ̀ẹ̀rùn ń gba bí oṣù mẹ́rin. Nítorí náà, òrùlé wa tó. Ibi tí a ó fi omi pamọ́ sí ni kò tó. Ọmọ 100, lítà 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ ẹ̀kọ́ 80, jẹ́ lítà 24,000. Kòtò sìmẹ́ńtì tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó jìn ní mítà 2, yóò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù, kí ẹ tó darí omi sínú kòtò. Ẹ bò ó dáadáa nítorí ẹ̀fọn. Ẹ se omi tí ẹ ó bá mu.

Ọmọ tó lọ pọn omi láàárọ̀ kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Ẹ bá àwọn òbí yòókù sọ ọ́ kí òjò tó dé.