Ọ̀tà: bí iléeṣẹ́ kéékèèké ṣe ń kọ́ṣẹ́

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òun àti Sàngó tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta jẹ́ ojúkò iléeṣẹ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ òkè òkun sì di ọ̀wọ́n gógó. Ọ̀nà àbáyọ kan ni kí oníṣẹ́ irin wọn èyí tó bàjẹ́, kó sì rọ irú rẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn, bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Òṣìṣẹ́ tó kúrò níléeṣẹ́ ńlá ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.